Bí A Ṣe Gun Ṣọ́pà Láti Egan Lọ Bá Màmá ní Ìjẹ̀gùn

Aago márùn-ún ìdájí ṣẹ̀ṣẹ̀ lù ni nígbà tí èmi àti ọkọ mi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ọ̀kadà náà jáde kúrò ní kọ́rídọ̀ ilé wa ní Egan. A ti pinnu pé a ó ti kúrò ládùúgbò kí ilẹ̀ tó mọ́, kí ojú má bàa tì wá. Ìjẹ̀gùn là ń lọ, lọ́dọ̀ ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yin ará ilé wa ní Ìkìrun tí ẹ kò mọ apá ibí yìí ní Èkó, ẹ má rò pé ọ̀nà náà jìn o. Ẹni tó bá wọ kẹ̀kẹ́ ní Egan láàárọ̀ á gba Ìgàndó, á gba Ìkòtún, á sì ti máa jẹun ní Ìjẹ̀gùn láàárín wákàtí kan àtààbọ̀. Àwa lo wákàtí mẹ́rin àtààbọ̀.

Ọ̀kadà tí mò ń sọ yìí, ti bàbá ọkọ mi tó ti dolóògbé ni. Katikíìsì ni bàbá, ọ̀kadà náà ni wọ́n sì fi ń lọ láti ìjọ dé ìjọ nígbà ayé wọn. Nígbà tí wọ́n kú, ọkọ mi jogún rẹ̀. Ó gbé e sí kọ́rídọ̀, ó da aṣọ bò ó, ọdún mẹ́sàn-án gbáko la sì fi ń fẹ̀gbẹ́ kọjá lára rẹ̀ ká tó lè dé ilé ìwẹ̀. Fẹ́mi ọkọ mi, òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ni. Kò gun ọ̀kadà rí, kódà bó bá rí i lójú títì, á kọ́kọ́ dúró kó kọjá. Èmi ni mo mọ̀ ọ́n gùn, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa rán ìjókòó ọkọ̀ àti àga kúṣìn, ẹ̀yìn ọ̀kadà kò sì lè gba fóòmù àti èmi pọ̀. Mo kúkú kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ kan ni mo rí fídíò kan lórí fóònù, àwọn òyìnbó kan ń gun ohun tí wọ́n ń pè ní ṣọ́pà. Ṣọ́pà ni ọ̀kadà àtijọ́ tí wọ́n gé, tí wọ́n fa iwájú rẹ̀ gùn bí ọrùn àgùnfọn, tí ẹni tó ń gùn ún á rọ̀gbọ̀kú sẹ́yìn, á na ẹsẹ̀ síwájú bí ẹni tó wà ní pálọ̀ ilé rẹ̀. Ara mi ò gbà á mọ́. Mo wo fídíò náà tán, mo gbójú sókè, mo wo kọ́rídọ̀.

Oṣù mẹ́ta ni èmi àti wẹ́dà tó ń jó irin lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù mi fi ṣe é. Mẹkáníìkì kan bá wa tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe. Irin ojú fèrèsé la fi fa iwájú rẹ̀ gùn. Ọwọ́ tí a rọ fún un ga débi pé ẹni tó bá dì í mú á dà bí ẹni tí ọlọ́pàá ní kó káwọ́ sókè. Ìjókòó rẹ̀ ni mo fi gbogbo ẹ̀mí mi ṣe: fóòmù tó nípọn, lẹ́dà pupa, bọ́tìnnì tó tò gẹ́gẹ́ bíi ti àga olówó. Ohun tí ènìyàn á fẹ̀yìn tì ló kù. Pákó tó wà níbi orí bẹ́ẹ̀dì ìgbéyàwó wa ni mo tú. Ọkọ mi ò mọ̀ títí tó fi fẹ́ fẹ̀yìn ti pákó náà kó máa gbọ́ ìròyìn, tó sì ṣubú sẹ́yìn bẹ́ẹ̀dì.

Ọjọ́ Wẹ́sìdeè ni Màmá pè. Ọkọ mi fi fóònù sórí sípíkà.

"Fẹ́mi, ọ̀kadà bàbá yín ṣì wà lọ́dọ̀ yín, àbí?"

"Ó wà, Màmá."

"Ẹ gbé e wá fún mi ní Sátidé. Mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi ṣe."

Wọn ò sọ nǹkan náà. Ọkọ mi gbé fóònù sílẹ̀, ó sì jókòó sórí sìmẹ́ǹtì.

"O ti gé bàbá mi," ló wí fún mi.

"Ọ̀kadà ni mo gé, Bàbá Bọ́lá."

"Ohun tó kù lára bàbá mi nìyẹn!"

Òru ọjọ́ mẹ́ta la ò sùn dáadáa. Níkẹyìn, a fẹnu kò pé a ò ní pa irọ́, a ó gbé e lọ bó ṣe wà, a ó sì dọ̀bálẹ̀. Ọkọ mi tún fi kún un pé: "Bí Màmá bá bínú, ìwọ lo ṣe é."

"Bí inú wọn bá dùn ńkọ́?"

"Inú wọn ò lè dùn."

Bó ṣe di pé a ń ti ọ̀kadà jáde ní ìdájí nìyẹn. Mo gun iwájú, ọkọ mi gun ẹ̀yìn, ó fẹ̀yìn ti pákó bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, ó sì dì mí mú bí ọmọ tí wọ́n pọ̀n. Mo tẹ kíkì lẹ́ẹ̀mẹta, kò fọhùn. Nígbà tí mo tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kẹrin, ó dáhùn. A ti gbàgbé pé wẹ́dà ti gé sáléńsà rẹ̀ kúrú. Gbogbo ajá Egan ló dìde. Lándílọ̀ọ̀dù sáré jáde, ìró lọ́rùn, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́.

"Ẹ̀yin ará ilé! Ṣé tirelà ló ya wọlé wa ni?"

"Àwa ni, Bàbá," ni mo wí. "Ẹ má bínú, sà."

Ó tan tọ́ọ̀ṣì sí táyà iwájú, ó sì ń tan iná náà bọ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi kàn wá. Ó gba àkókò díẹ̀.

Ibẹ̀ la ti mọ àléébù àkọ́kọ́. Àdúgbò wa há, ọ̀kadà wa sì gùn. Bí a bá ti yọ iwájú ní géètì, ògiri òdìkejì ló ń kàn, a ò sì lè yà sọ́tùn-ún tàbí sósì. Àwọn ará ilé wá jáde pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì lẹ́nu. Lándílọ̀ọ̀dù fúnra rẹ̀ ló fi ọwọ́ kan di ìró mú, tó fi ọwọ́ kejì bá wọn gbé táyà iwájú, tí wọ́n fi darí wa sójú ọ̀nà.

"Ìyá Bọ́lá," ó ń mí hẹlẹhẹlẹ, "ṣé kò ṣeé dá padà sí bó ṣe wà ni?"

Báyìí la ṣe kúrò ládùúgbò láìjẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí wa.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa ọ̀nà. Kòtò pọ̀ nínú Egan, òjò sì ti rọ̀ lánàá. Lórí ọ̀kadà gidi, bí táyà bá wọ kòtò, ìwọ náà mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Lórí ṣọ́pà, táyà iwájú á ti wọ kòtò, á ti jáde, á ti gbàgbé, kí ìròyìn tó dé ọ̀dọ̀ rẹ. Mo máa ń rí i tó ń fò lọ́hùn-ún, mo sì máa ń kígbe pé "Ó ń bọ̀ o!" Ọkọ mi á pa ojú dé, á ní "Jésù!", ẹ̀yìn ìyẹn ni ìdí wa á tó gbéra lórí ìjókòó. Ní ti ìjókòó, mi ò fẹ́ yin ara mi, ṣùgbọ́n kò sẹ́nì kan nínú wa tí ìdí ń dùn.

Ilẹ̀ ti ń mọ́ nígbà tí a dé Ìgàndó. Àwọn Aládùúrà kan ń bọ̀ láti ibi àdúrà òwúrọ̀, aṣọ funfun lọ́rùn, ẹsẹ̀ lásán. Bí wọ́n ṣe rí wa, gbogbo wọn dúró, ìyá àgbà kan sì káwọ́ lérí.

"Ha! Ẹ kú ewu o! Ẹ kú orí ire! Ṣé kò sí ẹni tó fara pa?"

Mo ní, "Ẹ ṣeun, Mà. Àwa ò ní ìjàǹbá kankan. Bí ó ṣe rí nìyí."

"Bí ó ṣe rí nìyí?" Ìyá wo ọkọ mi. "Ẹ̀yin ọkùnrin, ṣé òótọ́ ló ń sọ?"

Ọkọ mi mi orí sókè sódò pẹ̀lú ìbànújẹ́. Ìyá pe bàbá kan tó jẹ́ olórí wọn, wọ́n sì yí wa po. Wọ́n gbàdúrà pé kí Ọlọ́run tún ọ̀kadà náà ṣe, kó mú un padà bọ̀ sípò, kó sì fún ìyàwó ní ọgbọ́n. Mo ṣe àmín. Ọkọ mi ṣe tirẹ̀ lóhùn òkè, pàápàá níbi ti ọgbọ́n.

Ìgbà mẹ́jọ ni wọ́n kí wa kú ewu kí a tó kúrò ní Ìgàndó. Lọ́dọ̀ tiwa ní Ìkìrun, bí èèyàn bá rí ohun tí kò yé e, á kọ́kọ́ béèrè. Níbí, wọ́n á kọ́kọ́ bá yín kẹ́dùn, wọ́n á wá yọ fóònù ya fọ́tò yín. A ra àgbàdo sísun àti àgbọn lọ́wọ́ obìnrin kan létí títì, kí ọkọ mi lè fi gbàgbé ìbẹ̀rù. Ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta náírà ni àgbàdo kan, kò sì tóbi ju àtàǹpàkò ọkùnrin lọ. Obìnrin náà fi àgbọn jàrà fún wa. Ó ní torí ohun tójú wa ti rí ni.

Ìkòtún ni ìyọnu wa ti pọ̀ jù. Ẹ̀yin tí ẹ bá ti dé ibẹ̀ rí mọ ráńdábáòtù yẹn: ọkọ̀, kẹ̀kẹ́, ọ̀kadà, àti àwọn tó ń gbé ọjà lórí, gbogbo wọn á rọ́ wọ inú ara wọn. Mo wọ ibẹ̀ dáadáa. Jíjáde ló ṣòro. Bí mo bá ti fẹ́ yà sí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, ọwọ́ ọ̀kadà ò yí débẹ̀, a ó ti kọjá ẹnu ọ̀nà kí iwájú tó gbọ́ràn. A yípo lẹ́ẹ̀kan. A yípo lẹ́ẹ̀kejì. Nígbà tí a yípo lẹ́ẹ̀kẹta, àwọn ọlọ́kadà tó wà ní ìdúró ti ń kà á sókè fún wa.

"Ìyá Bọ́lá, kí ló dé tí a tún ń rí ilé epo yìí?" ọkọ mi béèrè, ó sì tún pa ojú dé.

"A ń wo ìlú ni."

Ọkùnrin kan wà níbẹ̀ tó ń darí ọkọ̀. Ó ti ń wò wá láti ìgbà àkọ́kọ́. Nígbà tí a fẹ́ yípo lẹ́ẹ̀kẹrin, ó fọn fèrè rẹ̀, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó dá gbogbo ọkọ̀ dúró, ó sì kan sálúùtù fún wa. Mo rí i pé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé àwa la ṣíwájú ọ̀gá ńlá kan tó ń bọ̀ lẹ́yìn. Pẹ̀lú ìjókòó pupa àti bí ọkọ mi ṣe jókòó bí ọba, mi ò lè dá a lẹ́bi. Gbogbo Ìkòtún ṣófo fún wa. Mo fi gbogbo títì yà, ó gbà wá, a sì bọ́ sí ọ̀nà Ìjẹ̀gùn. Ọkọ mi la ojú, ó rí i tí ọkùnrin náà kan sálúùtù, òun náà gbọ́wọ́ sókè, ó kí i padà bíi gómìnà. Nígbà tí mo wẹ̀yìn, ọkọ̀ ṣì wà ní ìdúró, ọkùnrin náà ṣì ń wo ọ̀nà Ìgàndó, ó ń retí ọ̀gá tí kò sí.

Ọ̀nà Ìjẹ̀gùn, ẹrọ̀fọ̀ ni. Níbòmíràn mo máa ń sọ̀ kalẹ̀ tì í, ọkọ mi á wà lókè, torí ó ní bàtà ọ́fíìsì ni òun wọ̀. Aago mẹ́sàn-án kọjá ká tó rí àdúgbò Màmá. Inú mi ti ń dùn, àṣé a ò tíì ronú kan pákó bẹ́ẹ̀dì tó ga lẹ́yìn. Ẹnì kan ti so okùn láti ilé rẹ̀ sí òpó iná, ó sá aṣọ sí i. Orí tèmi kọjá lábẹ́ okùn. Orí ọkọ mi kọjá. Pákó ò kọjá. Okùn já, ó gbá tẹ̀lé wa, aṣọ ìnura, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì àti ṣòkòtò mẹ́rin sì ń fẹ́ lẹ́lẹ́ lẹ́yìn wa bí àsíá. Àwọn tó jókòó síta rò pé a ń ṣe ayẹyẹ, wọ́n ń pàtẹ́wọ́. Obìnrin tó ni aṣọ ń sáré bọ̀ lẹ́yìn, ó ń pariwo pé "Ṣòkòtò ọkọ mi o!" Báyìí la ṣe dé iwájú ilé Màmá.

Màmá wà lẹ́nu ọ̀nà. Ọkùnrin kan jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, ó gbé ọmọlanke tì sí ẹ̀gbẹ́. A tú aṣọ fún ẹni tó ni í, a bẹ̀ ẹ́, a wá dọ̀bálẹ̀, a kúnlẹ̀.

"Ẹ pẹ̀lẹ́," ni Màmá wí. "Ta ló kọ lù yín?"

"Kò sẹ́ni tó kọ lù wá, Màmá," ni ọkọ mi dáhùn láti ilẹ̀.

"Ọ̀kadà bàbá yín dà?"

"Òun nìyí, Mà."

Màmá yí ọ̀kadà náà po. Àgbà ni wọ́n, ọ̀kadà náà sì gùn, kì í ṣe ìrìn kékeré. Nígbà tí wọ́n yí i po tán, wọ́n béèrè pé, "Ta ló ṣe èyí?"

Ìka ọkọ mi ti wà lára mi kí wọ́n tó pa ẹnu dé. Kí n má parọ́, ìka tèmi náà ti wà lára rẹ̀.

Màmá ò wò wá. Wọ́n fi àtẹ́lẹwọ́ kan táǹkì, ibi kan tó tẹ̀ wọlé tí a ò lè nà padà.

"Igi káṣù ni bàbá yín fi èyí kọ lù," ni wọ́n wí. "Ó ń wẹ̀yìn wò bóyá mò ń bọ̀. Kò gbé mi rí lórí ẹ̀. Ó ní ọ̀kadà ìjọ ni, kì í ṣe ti ìyàwó. Àpótí ìwé orin ló máa ń gbé sẹ́yìn, èmi á máa fẹsẹ̀ rìn nínú eruku. Àpótí á dé ṣọ́ọ̀ṣì, á sinmi, kí n tó dé."

Wọ́n wá nawọ́ sí ọkùnrin orí bẹ́ǹṣì. "Torí ẹ̀ ni mo fi ní kí ẹ gbé e wá. Ẹni tó ń ra irin kóńdẹ́mù tí wọn ò lò mọ́ nìyí. Mo fẹ́ tà á."

Èmi àti ọkọ mi wo ara wa. Òru ọjọ́ mẹ́ta!

Ọkùnrin náà dìde, ó fi ẹsẹ̀ wọn ọ̀kadà náà, ó wọn ọmọlanke rẹ̀, ó mi orí. "Màmá, èyí á yọ níwájú, á yọ lẹ́yìn. Mi ò sì kì í ra kúṣìn o. Ẹ jẹ́ kí wọ́n tú ìjókòó yìí kúrò ná."

"Ìjókòó wo?" Màmá sún mọ́ ọn, wọ́n tẹ fóòmù pẹ̀lú ìka, wọ́n tún tẹ̀ ẹ́. Mo bá wọn di apá mú, wọ́n gùn ún, wọ́n sì jókòó. Wọ́n fẹ̀yìn ti pákó. Wọ́n na ẹsẹ̀ síwájú. Wọ́n pa ojú dé, wọ́n sì mí kanlẹ̀ bí ẹni tó ti ń rìn láti ọgbọ̀n ọdún.

"Ẹ máa lọ, bàbá," ni wọ́n wí fún oníkóńdẹ́mù, láìla ojú. "Ta lẹ tún pè ní ẹni tó ṣe é?"

"Èmi ni, Màmá," ni ọkọ mi wí.

Mo yí ojú sí i. Ó ń wo bàtà rẹ̀. Màmá wá bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún un, wọ́n ní ọwọ́ rẹ̀ ò ní rọ, wọ́n ní ọba á ránṣẹ́ pè é. Èmi náà ń ṣe àmín, mo sì ń wo ìka mi. Bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan tó wà lára ìjókòó yẹn ti gún mi lọ́wọ́.

"Ó dáa," Màmá wí nígbà tí wọ́n ṣe tán. "Ìwọ tí o ṣe é, gbé mi. Mo fẹ́ dé òpin àdúgbò."

Ojú ọkọ mi yí padà. Ó wò mí. Mo wo òkè. Kò sí bó ṣe máa sọ pé òun ò mọ ohun tí òun ṣe gùn. Ó gun iwájú, mo tẹ kíkì fún un, mo fi jíà tí kò lè sáré sí i, wọ́n sì gbéra. Ó na ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, ó ń fi wọ́n rìn lọ bí pẹ́pẹ́yẹ. Màmá ń juwọ́ sí àwọn aládùúgbò lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n dé òpin àdúgbò, ibẹ̀ ni mo sì rántí pé ọ̀kadà náà kò lè yí padà. Mo sáré, mo kígbe, sáléńsà ò jẹ́ kí wọ́n gbọ́. Wọ́n ń lọ tààrà.

Ọgbọ̀n ìṣẹ́jú ó lé kí n tó tún gbọ́ ohùn ọ̀kadà náà. Ibi pápá ṣọ́ọ̀ṣì Màmá nìkan ló fẹ̀ tó láti yí i, ibẹ̀ ni wọ́n dé, níbi tí àwọn ẹgbẹ́ ìyá ti ń gbálẹ̀ de Sọ́ńdè. Màmá ní kó yí pápá náà po lẹ́ẹ̀mẹrin kí gbogbo wọn lè rí òun dáadáa. Nígbà tí wọ́n padà dé, òógùn ti bo ọkọ mi. Bó ṣe sọ̀, ó wá bẹ́ǹṣì jókòó sí.

Màmá ti tẹ ẹ̀bà, wọ́n sì ti se ọbẹ̀ ẹ̀gúsí dè wá. Orí ọ̀kadà ni wọ́n ti jẹ tiwọn. Nígbà tí a fẹ́ máa lọ, wọ́n ní ká máa bá kẹ̀kẹ́ lọ. Wọ́n ní ká gbé ọ̀kadà sí fàráńdà: ìdí rẹ̀ kọjú sí pálọ̀, iwájú rẹ̀ yọ sí ojú ọ̀nà, ẹni tó bá fẹ́ kọjá á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ibẹ̀ ni wọ́n á máa jókòó gba atẹ́gùn nírọ̀lẹ́. Ta ló máa bá wọn jiyàn?

Kẹ̀kẹ́ gbé wa dé Egan láàárín wákàtí kan ó lé díẹ̀. Aago mẹ́ta ọ̀sán la wọlé. Kọ́rídọ̀ wa fẹ̀, àwa méjèèjì lè rìn ní ẹ̀gbẹ́ ara wa lọ sílé ìwẹ̀. Ó jókòó, ó fa fóònù yọ, ó pe Màmá, ó sì fi í sórí sípíkà láìjẹ́ pé mo ní kó ṣe bẹ́ẹ̀.

"Màmá, ẹ má bínú. Irọ́ ni mo pa. Ìyàwó mi ló ṣe ọ̀kadà yẹn."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Fẹ́mi, láti kékeré, o ò lè kan ìṣó kan ṣoṣo láìkan ara rẹ. Kí ló máa gbé ọ dé ìdí irú nǹkan báyìí? Mo fẹ́ wò ó bóyá o máa lè gùn ún ni." Wọ́n rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi wúkọ́. "Gbé fóònù fún ìyàwó mi."

Bí mo bá ní láti sọ ohun tí ìrìn yẹn kọ́ mi fún yín, òun ni pé kì í ṣe gbogbo nǹkan la gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbàṣẹ lé. Ká ní a béèrè lọ́wọ́ Màmá ká tó gé ọ̀kadà yẹn ni, inú ọmọlanke ni ì bá wà báyìí.

Mo gba fóònù, mo kúnlẹ̀ sí kọ́rídọ̀, Màmá sì bẹ̀rẹ̀ sí í wúre fún mi. Ó gùn ju ti ọkọ mi lọ dáadáa. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ wúre dé ojú mi àti ọwọ́ mi ni káàdì fóònù tán. Mo wo ọkọ mi. Ó wọ bàtà, ó jáde lọ ra káàdì mìíràn, ó sì tún pè wọ́n padà. Màmá bẹ̀rẹ̀ láti ibi tí wọ́n dé dúró gan-an. Wọ́n ti dé orí ọmọ ọmọ mi nígbà tí káàdì kejì tún tán, ọkọ mi sì tún dìde wá bàtà rẹ̀.